Àwọn Ọmọ Houston Tí Wọ́n Yọ Jáàsì Kúrò Lórúkọ Wọn

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, ilé iṣẹ́ Motown gbé orin kan jáde tó sọ àwọn ọmọ ìyá márùn-ún kan di ìlúmọ̀ọ́ká. Orin náà ni I Want You Back. Àwọn tó kọ ọ́ ni Jackson 5, ọmọ tó sì ń ké níwájú wọn ni Michael Jackson, ọmọ ọdún 11. Kí oṣù kìíní ọdún 1970 tó parí, orin náà ti gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé e sí níbi ìnáwó, àwọn tó jókòó á ti máa mi ẹsẹ̀ kí Michael tó la ẹnu. Gìtá béèsì tó ń sáré lábẹ́ orin náà ló ń fa ẹsẹ̀ wọn, bó ṣe ń gòkè ló ń sọ̀, kò sì jẹ́ kí ara sinmi.

Ẹni tó ta béèsì yẹn kì í ṣe ara ìdílé Jackson. Wilton Felder lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, fèrè sasofóònù ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ ju béèsì lọ. Ẹni tó wà nídìí pìánò nínú orin kan náà ni Joe Sample, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé. Ẹgbẹ́ tí àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀, The Crusaders, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Inú jáàsì ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó gba inú sóòlù àti fọ́ńkì kọjá, ohùn rẹ̀ sì wà lórí àwo ọ̀pọ̀ olórin tí gbogbo ayé mọ̀, nígbà tí orúkọ tirẹ̀ kò tíì dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ká tó lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó di dandan ká mọ àdúgbò tó bí wọn. Fifth Ward ni wọ́n ń pè é, ní Houston, ibùgbé àwọn aláwọ̀ dúdú láyé ìgbà tí òfin Texas ṣì ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, ní ilé ìwé, nínú bọ́ọ̀sì àti ní ilé oúnjẹ. Apá kan rẹ̀ ni Frenchtown, níbi tí àwọn tó ṣí wá láti Louisiana tẹ̀dó sí, tí wọ́n sì gbé orin zydeco àti àkọ́díọ̀nù wọn wọ̀lú. Búlúùsì ń dún ní ilé ọtí, orin ìyìn ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọdé tó bá ń rìn kọjá lójú pópó á gbọ́ méjèèjì. Àdúgbò yìí kan náà ni Don Robey fi ilé iṣẹ́ àwo Peacock sí, ilé iṣẹ́ tó gbé Hound Dog tí Big Mama Thornton kọ jáde lọ́dún 1953, ọdún mẹ́ta gbáko kí Elvis Presley tó fi orin kan náà gba òkìkí. Ìlú Houston sì ti mọ fèrè sasofóònù tipẹ́: ọmọ ibẹ̀ ni Arnett Cobb, ibẹ̀ náà ni Illinois Jacquet dàgbà sí, àwọn méjì tí fèrè wọn máa ń ké bí ohùn oníwàásù tó ti gbóná.

Ilé ìwé gíga Phillis Wheatley wà ní Fifth Ward. Obìnrin tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yìí, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí Boston, ó sì tẹ ìwé ewì rẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1773. Ní ilé ìwé yìí, láàárín ọdún 1950 sí 1960, ni Nesbert Hooper, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Stix, ti bá Sample àti Felder pàdé. Sample ti ń tẹ pìánò láti ọmọ ọdún 5. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Swingsters. Nígbà tí wọ́n dé yunifásítì Texas Southern, Wayne Henderson tó ń fọn tíróńbóònù dara pọ̀ mọ́ wọn, òun àti Hubert Laws tó ń fọn fèrè flute. Ẹgbẹ́ náà di Modern Jazz Sextet.

Lọ́dún 1960, wọ́n kẹ́rù, wọ́n forí lé Los Angeles. Laws kúrò lẹ́gbẹ́ nítorí ó rí àyè sí ilé ẹ̀kọ́ orin Juilliard ní New York. Àwọn tó kù kò tíì rí ẹni tí yóò gba jáàsì wọn lọ́wọ́ wọn, wọ́n yí orúkọ pa dà di Nite Hawks, wọ́n sì ń kọ orin ijó fún àwọn tó fẹ́ jó kí wọ́n lè rí jẹ. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti lu ìlù fún àwọn oníjó láti ìrọ̀lẹ́ di òru mọ ohun tí ara ènìyàn ń fẹ́, ìmọ̀ yẹn ni wọ́n sì fi jẹun ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ilé iṣẹ́ Pacific Jazz gbà wọ́n lọ́dún 1961. Wọ́n wo àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ Jazz Messengers ti Art Blakey, wọ́n sì sọ ara wọn ní Jazz Crusaders. Freedom Sound ni wọ́n pe àwo àkọ́kọ́, ọdún kan náà tí àwọn ọ̀dọ́ Freedom Riders, dúdú àti funfun, ń jókòó pa pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ sí Gúúsù láti tako òfin ìyàsọ́tọ̀, tí wọ́n ń jìyà nítorí rẹ̀.

Ohun kan wà nínú àwo yẹn tó yẹ kéèyàn fi etí sí dáadáa. Ẹgbẹ́ jáàsì ìgbà náà sábà máa ń fi trumpet síwájú, nítorí ohùn rẹ̀ mú, ó sì ń tàn. Àwọn ọmọ Houston wọ̀nyí kò lo trumpet. Tíróńbóònù Henderson àti sasofóònù tenor tí Felder ń fọn ló wà níwájú, fèrè méjì tí ohùn wọn nípọn, tí wọ́n ń rìn nísàlẹ̀. Tíróńbóònù kò ní bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀. Irin gígùn kan ló wà lára rẹ̀ tí olórin ń tì síwájú, tó ń fà sẹ́yìn, bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ṣe ń lọ lohùn ń yọ́ bọ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí Henderson àti Felder bá fọn orin kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣòro fún etí láti mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kò ní ṣì wọ́n mú mọ́. Ìró yẹn ni àmì ojú wọn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Wọ́n ṣiṣẹ́ kára. Láàárín ọdún mẹ́wàá, àwo tí wọ́n ṣe lé ní mẹ́wàá dáadáa, wọ́n sì ń pa dà léraléra sí Lighthouse, ilé ìgbafẹ́ kan létí òkun ní Hermosa Beach, níbi tí wọ́n ti gba orin wọn sílẹ̀ lójú àwọn èèyàn ní 1962, 1966, 1968 àti 1969. Nínú ti 1968, wọ́n mú Eleanor Rigby, orin àwọn Beatles, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì rì í sínú búlúùsì títí ó fi dà bíi pé Fifth Ward ni wọ́n ti kọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Lọ́dún 1971, wọ́n yọ jáàsì kúrò lórúkọ wọn. Ó ku The Crusaders.

Àwọn kan nínú àwọn olólùfẹ́ jáàsì bínú, wọ́n ní owó ló gbé wọn lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Rédíò tó ń lu sóòlù fún àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ fọwọ́ kan àwo tó bá ní jáàsì lára, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí gan-an ni ọmọ àdúgbò tó dà bí èyí tó tọ́ wọn dàgbà. Búlúùsì, orin ṣọ́ọ̀ṣì àti orin ijó ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ kí wọ́n tó mọ Art Blakey. Nígbà tí wọ́n kọjú sí fọ́ńkì, ilé ni wọ́n ń lọ. Wọn kò gbàgbé ohun tí jáàsì kọ́ wọn: nínú orin wọn tó mú ijó jù lọ pàápàá, àyè wà fún olórin kan láti dá dúró, kó sọ tẹnu rẹ̀ tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdájọ́ tiwa ni pé wọn kò ta ohunkóhun.

Áfíríkà lọ́wọ́ nínú àyípadà yìí. Hugh Masekela, afọntrumpet ọmọ South Africa tí ìjọba ìyàsọ́tọ̀ sọ di àlejò ní ilẹ̀ onílẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Stewart Levine ló ni ilé iṣẹ́ àwo Chisa. Chisa ló gbé Old Socks New Shoes jáde fún wọn lọ́dún 1970, àwo tí Way Back Home tí Felder kọ wà nínú rẹ̀, òun náà ló sì gbé Pass the Plate jáde lọ́dún 1971, àwo àkọ́kọ́ tí orúkọ tuntun wà lára rẹ̀. Levine bá wọn ṣe àwo fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Masekela yìí náà ló wá sọ́dọ̀ Fela ní Èkó ní 1973, tí Fela fi mú un mọ ẹgbẹ́ Hedzoleh Soundz ti Ghana. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, Masekela àti Levine kó àwọn olórin jọ sí Kinshasa fún àjọ̀dún orin ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó yẹ kó ṣáájú ìjà Muhammad Ali àti George Foreman. Foreman fara pa lójú nígbà tó ń gbára dì, wọ́n sún ìjà sí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n orin kò dúró de ẹ̀ṣẹ́. James Brown wà níbẹ̀, B.B. King wà níbẹ̀, Miriam Makeba àti Manu Dibango wà níbẹ̀. Àwọn Crusaders náà gun orí ìtàgé, wọ́n sì kọ orin Houston fún ará Kinshasa.

Orin tó kọ́kọ́ gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ará ìta jáde ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1972: Put It Where You Want It, tí Joe Sample kọ. Kò sí ẹni tó la ẹnu kọrin nínú rẹ̀. Sample fi pìánò oníná gbé gbólóhùn kúkúrú kan kalẹ̀, ó ń pa dà sí i, ó ń pa dà sí i. Ìlù Hooper jókòó tì í, kò yára, kò sì lu ju bó ṣe yẹ lọ. Larry Carlton, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun kan láti California, fi gìtá fọwọ́ kàn án níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni fèrè méjèèjì tó wọlé, wọ́n gbé orin lé gbogbo rẹ̀ lórí, wọ́n sì tún fi àyè sílẹ̀. Àyè yẹn gan-an ni fọ́ńkì. Ẹgbẹ́ Average White Band láti Scotland fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àwo tiwọn lọ́dún 1973.

Wọn kò ní atabéèsì tó dúró pẹ́ rí. Láti ọdún 1961 ni oríṣiríṣi èèyàn ti ń wá, tí wọ́n ń lọ. Felder fi ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Nínú ọ̀pọ̀ àwo tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1970, òun ló ta béèsì, òun náà ló fọn sasofóònù, nítorí téèpù sítúdíò lè gba ohùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀. Nígbà tó bá di orí ìtàgé, ènìyàn kan kò lè di méjì, wọ́n ní láti wá ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, Robert Popwell, tí wọ́n ń pè ní Pops, gba béèsì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ọgbọ́n ọwọ́ tí Felder àti Sample ní ló sọ wọ́n di ẹni tí gbogbo sítúdíò Los Angeles ń wá. Nígbà tí Marvin Gaye ń ṣe Let's Get It On lọ́dún 1973, Felder ló wà nídìí béèsì, Sample nídìí pìánò. Nígbà tí Joni Mitchell, akọrin ará Kánádà, ń ṣe Court and Spark lọ́dún 1974, Sample, Felder àti Carlton ni wọ́n gbé e lẹ́yìn. Sample tún tẹ pìánò oníná nínú Aja tí Steely Dan gbé jáde ní 1977. Àwo wọ̀nyí wà lára èyí tí Amẹ́ríkà fi ń yangàn nínú orin ọ̀rúndún tó kọjá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó rà wọ́n kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ilé ìwé méjì kan láti Fifth Ward ló ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ orin. Wọn kò lè mọ̀. Motown, fún àpẹẹrẹ, kì í kọ orúkọ àwọn tó ń lu nǹkan sára páálí àwo rárá títí di What's Going On ti Marvin Gaye lọ́dún 1971. Ẹni tó ra I Want You Back lọ́dún 1969 rí orúkọ Jackson 5, ó sì parí síbẹ̀.

Henderson fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tó di 1976. Ó fẹ́ máa ṣe àwo fún àwọn ọ̀dọ́, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe: òun ló wà nídìí Pressure Sensitive, àwo àkọ́kọ́ Ronnie Laws, àbúrò Hubert, èyí tí Always There wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tíróńbóònù bá a lọ, ìró fèrè méjì tó ń rìn pọ̀ sì pòórá lẹ́gbẹ́. Carlton náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ ní Houston ló ṣẹ́ kù.

Àwọn mẹ́ta yìí ló ṣe Street Life lọ́dún 1979. Sample kọ orin rẹ̀, Will Jennings, ọmọ Texas bíi tiwọn, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì wá Randy Crawford, ọmọbìnrin Macon ní Georgia tí ayé kò tíì mọ̀ dáadáa nígbà náà. Èyí tó wà nínú àwo gùn ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Crawford ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbé ayé ojú pópó bí ẹni tó ti rẹ̀, pìánò ń tẹ̀ lé e. Lójijì ni Hooper gbé ìlù, béèsì bọ́ sí i, obìnrin kan náà tó ń ráhùn sì di ẹni tó ń fi ojú pópó yangàn. Àwọn tó ń jó sí i ní ilé dísíkò kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ìbànújẹ́ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló fún ìyókù ní agbára. Orin náà dé ipò 5 ní ìlú Ọba, ipò 36 ní Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ tó ti ń ṣe àwo fún ọdún 18 kò ní èyí tó tóbi tó o rí, kò sì tún ní irú rẹ̀ mọ́.

Ó dùn mọ́ wọn, ó sì fi wọ́n sí ìgbèkùn díẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àwo wọn ní láti ní akọrin àlejò: Bill Withers lọ́dún 1980, Joe Cocker lọ́dún 1981. Èyí tó dára jù nínú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣáájú Street Life pàápàá, nígbà tí wọ́n bá B.B. King ṣe Midnight Believer lọ́dún 1978. King ti lé ní ọmọ ọdún 50, àwọn kan sì ti ń pe búlúùsì ní orin àgbàlagbà. Àwọn Crusaders fi ìlù tuntun sí i lábẹ́, wọn kò sì fọwọ́ kan ohùn gìtá rẹ̀. Wọ́n tún jọ ṣe Take It Home lọ́dún 1979, lẹ́yìn náà wọ́n jọ dúró lórí ìtàgé ní London pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin ńlá Royal Philharmonic, ohun tó di àwo Royal Jam lọ́dún 1982.

Stix Hooper kúrò lọ́dún 1983. Sample àti Felder gbé orúkọ náà lọ títí agbára fi tán. Henderson tún gbé orúkọ àtijọ́, Jazz Crusaders, dìde lọ́dún 1995 pẹ̀lú Felder. Lọ́dún 2003, Sample, Felder àti Hooper tún jọ ṣe àwo Rural Renewal, Eric Clapton sì wá bá wọn ta gìtá níbẹ̀. Láàárín gbogbo èyí, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà Swingsters ti ń gé orin wọn lò: Dear Mama tí 2Pac gbé jáde lọ́dún 1995 láti fi yin ìyá rẹ̀, inú In My Wildest Dreams tí Joe Sample ṣe lọ́dún 1978 ni wọ́n ti mú orin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ Fifth Ward ń gbé ẹlòmíràn lẹ́yìn.

Wayne Henderson kú ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Joe Sample kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ní Houston tí wọ́n ti bí i. Wilton Felder tẹ̀ lé wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹni tí kò bá gbọ́ wọn rí, kó kọ́kọ́ wá Freedom Sound, kó lè mọ ìró fèrè méjì yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, kó gbọ́ Put It Where You Want It, kó tó bọ́ sórí Street Life, èyí tó gùn ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé kúrú fún rédíò. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé àwo jáde nílẹ̀ wa lónìí, ì báà jẹ́ fújì, jùjú tàbí orin ìyìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ta gìtá sí i, ẹ kọ ti ẹni tó lu ìlù, ẹ sì kọ ti ẹni tó tẹ dùùrù.